Àyà Ni Kí Bench Press Kàn: Bí A Ṣe Ń Dùbúlẹ̀, Tí A Ń Di Irin Mú, Tí A Sì Ń Tì Í

Ẹni tó ti ń ṣe bench press, ìyẹn kí èèyàn dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ńṣì kó sì máa ti irin oníwéètì sókè láti àyà, fún oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ pé iwájú èjìká àti ẹ̀yìn apá nìkan ló máa ń rẹ̀ ẹ́, tí àyà rẹ̀ kò sì yí padà, á sábà rò pé wéètì òun ló kéré. Á tún fi kún un. Láìpẹ́, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Lọ́pọ̀ ìgbà, wéètì kọ́ ló fà á. Bó ṣe dùbúlẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àyà kí irin tó kúrò lórí ìkọ́. Nítorí náà, ohun tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí ohun tí ẹ máa ṣe kí irin tó gbéra, àti bí ẹ ṣe máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Títì í sókè ló rọrùn jù láti kọ́.

Iṣẹ́ tí iṣan àyà ń ṣe

Iṣan àyà ńlá tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lára egungun ọrùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà sọ̀kalẹ̀ dé orí egungun ìhà. Gbogbo fọ́nrán rẹ̀ á wá kóra jọ sí ìhà abíyá, wọ́n á sì so mọ́ egungun apá nítòsí èjìká. Ẹ kíyè sí i pé kò dé ìgbọ̀nwọ́ rárá, áńbọ̀sìbọ́sí ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa apá láti ẹ̀gbẹ́ wá sí iwájú ara, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ gbá ọmọ mọ́ra.

Ohun méjì ló jáde níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ń lọ ṣe pàtàkì ju ibi tí ọwọ́ ń lọ. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, iṣan àyà á nà. Tó bá padà sókè, á sún kì. Ẹni tó ń dá irin padà lágbede méjì ti fi ibi tí iṣan ti nà jù sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àyà pọ̀ sí. Ìkejì ni pé èjìká gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Bí èjìká bá yọ síwájú, iṣan àyà ti kúrú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹrù náà á sì bọ́ sórí iwájú èjìká àti ẹ̀yìn apá. Àwọn méjèèjì yìí á máa bá àyà ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, kò sí bí a ṣe lè yọ wọ́n kúrò. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n jẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Irin, bẹ́ńṣì àti ààbò

Irin tí wọ́n fi ń díje jẹ́ kílò 20, ó sì gùn tó mítà 2.2. Lórí rẹ̀, ẹ máa rí òrùka méjì tó ń dán, tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 81 jìnnà síra. Òrùka yẹn wúlò gan-an, òun lẹ máa fi mọ̀ bóyá ọwọ́ yín méjèèjì dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ jíìmù àdúgbò, wẹ́dà ló jó irin náà, wéètì rẹ̀ sì lè jẹ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà sínú agolo. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé irin àti wéètì kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ iye rẹ̀ sí i lára. Agolo méjì tó jọra lè fi kílò kan tàbí méjì yàtọ̀ síra. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá wúwo ju èkejì, èjìká kan á máa ṣiṣẹ́ ju ìkejì lọ lójoojúmọ́. Tí irin náà kò bá ní òrùka, ẹ wọn àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù sàmì sí i.

Bẹ́ńṣì tó bá òfin ìdíje mu ga ní sẹ̀ǹtímítà 42 sí 45, ó sì fẹ̀ ní 29 sí 32. Bí ẹsẹ̀ yín kò bá tẹ́lẹ̀ dáadáa, ẹ gbé pákó tàbí wéètì pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ńṣì tó ń mì kò ṣeé lò. Ìkọ́ tí irin jókòó lé gbọ́dọ̀ ga débi pé, tí ẹ bá dì í mú, ìgbọ̀nwọ́ yín á tẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹ kò ní gbé e sókè ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ kí irin tó yọ. Tí ìkọ́ bá ga jù, èjìká yín á fò síwájú nígbà tí ẹ bá ń yọ irin, gbogbo ètò tí ẹ ṣe á sì bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ààbò, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò yí irin ká. Àwọn kan máa ń kó àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ìka yòókù nítorí pé ó rọ ọrùn-ọwọ́ lọ́rùn; tí irin bá yọ̀ lọ́wọ́ báyẹn, àyà tàbí ọ̀fun ló máa bọ́ sí. Bí irin ààbò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ńṣì, ẹ gbé e sí ibi tó fi ìka kan rẹlẹ̀ sí àyà yín nígbà tí àyà bá yọ sókè, kó sì lè gba irin dúró tí ẹ bá tẹ́ ẹ̀yìn pẹrẹsẹ. Bí kò bá sí irin ààbò, ẹ wá ẹni tó máa dúró sí ìhà orí yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ ṣe, àti pé kó má fọwọ́ kan irin àyàfi tí irin bá ń padà sísàlẹ̀ tàbí tí ẹ bá pè é. Ẹni tó fọwọ́ sí irin láti ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ẹ mọ agbára yín gan-an. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, tí kò sì sí irin ààbò, ẹ má fi kílíìpù ti wéètì, kí ẹ lè dẹ irin sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wéètì yọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì á fò sókè bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti ṣófo, torí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí.

Ìdùbúlẹ̀

Ẹ dùbúlẹ̀ kí ojú yín wà lábẹ́ irin gẹ́lẹ́. Tí orí yín bá sún mọ́ ìkọ́ jù, irin á máa kọ lu ìkọ́ nígbà tí ẹ bá ń tì í. Tí ẹ bá jìnnà jù sí ìhà ẹsẹ̀, èjìká á fò síwájú láti lọ mú un wá.

Lẹ́yìn náà, èjìká. Egungun pẹlẹbẹ méjì ló wà lẹ́yìn èjìká, wọ́n sì lè rìn síwájú, sẹ́yìn, sókè àti sísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fà wọ́n pàdé ara wọn, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn há bébà mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fà wọ́n sísàlẹ̀, kúrò nídìí etí, gẹ́gẹ́ bí èjìká ṣe máa ń rí tí èèyàn bá gbé garawa omi méjì tó kún dání. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ti àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé èkejì, èjìká wọn á wá kó sókè mọ́ ọrùn. Ó rọrùn láti ṣe é báyìí: ẹ di irin mú lórí ìkọ́, ẹ gbé ẹ̀yìn òkè kúrò lórí bẹ́ńṣì díẹ̀, ẹ fa pẹlẹbẹ èjìká pàdé kí ẹ sì fà wọ́n sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ wá gúnlẹ̀ lé wọn lórí. Ìwọ̀n ara yín àti ti irin ló máa tẹ̀ wọ́n mọ́ bẹ́ńṣì.

Tí ẹ bá ṣe é dáadáa, àyà yín á yọ sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á sì gbé díẹ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì, débi tí àtẹ́lẹwọ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Orí, èjìká àti ìdí ló gbọ́dọ̀ kan bẹ́ńṣì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tẹ ẹ̀yìn bí ọrun títí tí irin fi máa rìn ìwọ̀n ìka mélòó kan péré, ti ìdíje nìyẹn, kò sì ran ẹni tó fẹ́ kí àyà òun dàgbà lọ́wọ́.

Ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ ṣinṣin, lábẹ́ orúnkún tàbí sẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ti ara rẹ̀ sí ìhà orí bẹ́ńṣì, kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé ìdí sókè. Ẹsẹ̀ tó ń jó nínú afẹ́fẹ́ ń sọ fún yín pé wéètì ti pọ̀ jù tàbí pé bẹ́ńṣì ti ga jù.

Dídi irin mú

Kò sí fífẹ̀ ọwọ́ kan tó bá gbogbo èèyàn mu, nítorí apá kò gùn bákan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ fífẹ̀ èjìká yín, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ sọ irin òfìfo kalẹ̀ dé àyà, kí ẹnì kan dúró níhà ẹsẹ̀ yín, tàbí kí ẹ gbé fóònù síbẹ̀ kó ya fídíò. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́, apá gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán bí òpó lábẹ́ òrùlé. Tí ọwọ́ bá wà sí inú ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ẹ ti dì í mú kó há jù, ẹ̀yìn apá ló sì máa gba iṣẹ́ náà. Tí ọwọ́ bá wà sí ìta ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, ó ti fẹ̀ jù. Irin kò ní rìn jìnnà, èjìká á sì máa jìyà. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò kúrú, ìka kékeré tàbí èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí ìtòsí òrùka sẹ̀ǹtímítà 81 yẹn. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kò fẹ̀ á wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí irin jókòó sí ìdí àtẹ́lẹwọ́, lókè ọrùn-ọwọ́ gẹ́lẹ́, kì í ṣe sí ìdí àwọn ìka. Tó bá wà ní ìdí ìka, ọrùn-ọwọ́ á ká sẹ́yìn, a sì máa dun èèyàn kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀, ẹ fún un mọ́wọ́ dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọ́lọ́.

Yíyọ irin àti sísọ̀ ọ́ kalẹ̀

Ẹ má ti irin sókè kúrò lórí ìkọ́ pẹ̀lú agbára èjìká. Ẹ na ìgbọ̀nwọ́ tán, kí ẹ wá fa irin síwájú títí tó fi wà lókè èjìká gan-an. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wò ó bóyá pẹlẹbẹ èjìká ṣì wà níbi tí ẹ fi sí. Tó bá ti yẹ̀, ẹ dá irin padà kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má sọ pé ẹ máa tún un ṣe lójú ọ̀nà.

Ẹ mí sínú jinlẹ̀ dé ikùn, ẹ sé èémí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan tí èèyàn bá jẹ́ kí irin já wálẹ̀, ó ti sọ ìdajì iṣẹ́ àyà nù. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn fa irin wá bá àyà, kí àyà sì gòkè lọ pàdé rẹ̀.

Ìgbọ̀nwọ́ kò gbọ́dọ̀ ta sí ìta gbọọrọ kó bá èjìká ṣe àgbélébùú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà. Láàárín apá àti ìhà, dígírì 45 sí 70 ló dára. Bí ó bá dé 90, egungun apá lè máa rún iṣan tó wà láàárín oríkèé èjìká. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ké pé iwájú èjìká ń ta àwọn. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ìhà, ẹ̀yìn apá lẹ ń kọ́, àyà kọ́.

Irin á kan àyà ní ibi orí ọmú tàbí díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá ṣàkíyèsí ohun kan: ní òkè, irin wà lókè èjìká, ní ìsàlẹ̀, ó wà ní orí ọmú. Ìyẹn ni pé kì í rìn tààrà. Ó ń dagun, ó ń sún sí ìhà ẹsẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, á sì padà sí ìhà ojú bó ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tààrà láti òkè èjìká máa bá a ní egungun ọrùn, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á sì ta síta dandan.

Kíkan àyà, dídúró, títì

Ẹ jẹ́ kí irin kan àyà pẹ́lẹ́, bí ẹni gbé ẹyin lélẹ̀. Gbígbá a mọ́ àyà kí ó fò padà lè fọ́ egungun ìhà, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn gbé wéètì tí agbára rẹ̀ kò ká. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tàbí tí kì í mọ̀ ọ́n lára pé àyà òun ń ṣiṣẹ́, kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lórí àyà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìtú èémí sílẹ̀, láìsì dẹ ẹ̀yìn. Kò sí àtúnṣe tó tètè ń gbà ju èyí lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i pé dídúró yìí kì í ṣe nǹkan kékeré, ẹ wo ìdíje Paralympics, ìyẹn Òlíńpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara. Bench press nìkan ni wọ́n fi ń díje nínú gbígbé irin níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n lè fẹsẹ̀ tì, irin sì gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí àyà kí wọ́n tó tì í. Folashade Oluwafemiayo gba góòlù fún Nàìjíríà báyẹn ní Tokyo, ó sì tún gbà á ní Paris ní 2024, ní ìpele kílò 86. Ẹ wo bí ẹ̀yìn òkè wọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ bẹ́ńṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn tó dúró ṣinṣin yẹn ni kí ẹ kọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń tì í, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ ti irin sókè àti sẹ́yìn sí ìhà ojú. Ẹ máa rò ó pé ẹ fẹ́ mú ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ọwọ́ kò ní kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n iṣan àyà máa dáhùn. Ẹ tú èémí sílẹ̀ nígbà tí irin bá ti kọjá ibi tó le jù. Ẹ na ìgbọ̀nwọ́ tán lókè, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí èjìká tẹ̀ lé irin lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ní òpin ẹ̀ẹ̀kan kọ̀ọ̀kan, èjìká á yọ síwájú díẹ̀, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, pẹlẹbẹ èjìká ti tú pátápátá. Tí ẹ bá rí i pé àyà ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́, tí èjìká sì gbà á lẹ́yìn náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan tó kẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ na apá tán, kí ẹ tó gbé irin padà títí tó fi kan òpó, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ìkọ́. Ẹni tó ń wá ìkọ́ nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ṣì tẹ̀ lè ṣì í, ojú ni irin sì wà lókè rẹ̀ ní àkókò yẹn.

Ohun tí ibi tí irin ti dúró ń sọ

Bí irin bá kọ̀ láti kúrò lórí àyà, ẹ̀yìn ti dẹ̀, tàbí ẹ jẹ́ kó sáré wálẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé àyà ni kò tíì lágbára tó. Ẹ dín wéètì kù ní ìdá mẹ́wàá sí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì máa dúró lórí àyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá dúró lágbede méjì, ẹ wo ipa ọ̀nà rẹ̀: bóyá ẹ ń tì í tààrà dípò kó padà sí ìhà ojú. Bí ó bá jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kó dé òkè ló dúró, ẹ̀yìn apá ló kù díẹ̀ káàtó. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń ṣáájú èkejì, kí ẹ tó sọ pé apá kan lágbára jù, ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí ọwọ́ wà lórí irin, kí ẹ sì wọn wéètì.

Iye wéètì, iye ìgbà

Ká ní ẹnì kan lè ti kílò 60 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kó fi irin òfìfo ṣe mẹ́wàá, kílò 40 lẹ́ẹ̀mẹ́fà, 50 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó wá gbé 60 ní sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín wọn. Kí sẹ́ẹ̀tì parí nígbà tó ṣì ku ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì tó lè fi ọ̀nà tó dára ṣe. Tó bá ti lè ṣe mẹ́wàá nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó fi kílò 2.5 kún un, ìyẹn 1.25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Jíìmù tí kò ní wéètì kékeré bẹ́ẹ̀ pọ̀. Níbẹ̀, ẹ ṣe é dé méjìlá kí ẹ tó fi kílò 5 kún un. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó, bí Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lè lo dumbbell, ìyẹn irin kúkúrú tí a ń fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbé, nítorí ó ń jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí irin lè dé, kí ọwọ́ sì sún mọ́ ara wọn lókè. Fún òkè àyà, ìyẹn apá iṣan tó so mọ́ egungun ọrùn, ẹ gbé orí bẹ́ńṣì sókè ní dígírì 15 sí 30. Tí ó bá ti ga ju 45 lọ, èjìká ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí irin kan òkè orí ọmú díẹ̀, kí wéètì sì kéré sí ti orí bẹ́ńṣì pẹrẹsẹ. Fún sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tì, ẹ fa ọ̀kan, yálà ẹ tẹ̀ kí ẹ sì fa irin wá sí ikùn tàbí ẹ lo ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn tí kò lágbára kò lè di pẹlẹbẹ èjìká mú.

Tí ó bá ń dunni

Rírẹ̀ iṣan ní àárín àyà àti ní ìhà abíyá lọ́jọ́ kejì kò burú, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan la fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ dára. Ìrora tó ń gún bí abẹ́rẹ́ ní iwájú èjìká yàtọ̀. Ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ mú ọwọ́ sún mọ́ra ní ìka kan tàbí méjì, ẹ fa ìgbọ̀nwọ́ wọlé sí dígírì 45, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ dípò bẹ́ńṣì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí ilẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ sọ̀ kalẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ tàbí mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan já ní ìhà abíyá nígbà tí irin ń sọ̀ kalẹ̀, tí ibẹ̀ sì dúdú tàbí tó wú, tí àyà ẹ̀gbẹ́ kan kò sì rí bí èkejì mọ́, ó ṣeé ṣe kí iṣan àyà ti ya. Ẹ má fi òróró fọwọ́ ra á, ẹ má dúró kó sàn fúnra rẹ̀. Dókítà egungun àti iṣan ni kó rí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá tètè ṣe máa ń dára ju èyí tí ó pẹ́ lọ.